Sùúrùlérè àti Múṣin: Ẹ̀kọ́ Lórí Bí Ìlú Ṣe Ń Dàgbà

Ẹni tí ó bá dúró sí Ojúẹlẹ́gbà ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ yóò rí ohun kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú lé lórí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń bọ̀ láti ìhà Múṣin àti Ìdí-Òro. Àwọn mìíràn ń jáde láti àwọn òpópónà Sùúrùlérè. Gbogbo wọn sì ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Yábàá, sí Ọyíngbò, àti sí Erékùṣù Èkó níbi tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn wà. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan náà ni yóò tún wọ́ tìrítìrí padà wá. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó pinnu pé kí ibi tí a ń sùn jìnnà tó báyìí sí ibi tí a ti ń wá oúnjẹ. Ìpinnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, láàárín ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo bí ọ̀ràn náà ṣe ṣẹlẹ̀, kí a lè mọ ohun tí à ń pè ní ètò ìlú, kí a sì mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí a bá ṣe é láì bi àwọn ará ìlú léèrè, àti bí a kò bá ṣe é rárá.

Bí Èkó ṣe kún

Erékùṣù ni Èkó ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Omi yí i ká, nítorí náà kò lè fẹ̀ síwájú kí ó fẹ̀ sẹ́yìn bí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ti lè ṣe. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1861, òwò pọ̀ sí i níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wọlé láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Sàró ti ń bọ̀ láti Freetown; àwọn Àgùdà sì ń bọ̀ láti ilẹ̀ Brazil.

Ní 1867, nígbà tí ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó. Glover, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Èkó nígbà náà, fún wọn ní ilẹ̀ sí Ẹ̀bùtẹ́-Mẹ́ta, ní òdìkejì ọ̀sà. A kọ́kọ́ la ọ̀nà ibẹ̀ ní tààrà, a sì pín ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó bá rìn ní Ẹ̀bùtẹ́-Mẹ́ta títí di òní yóò rí i pé òpópónà ibẹ̀ gún régé ju ti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ, níbi tí agbo ilé ti ṣáájú ọ̀nà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ìpilẹ̀ ètò ìlú: kí ọ̀nà ṣáájú ilé. Ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà ṣòro láti wó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a là sílẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ́lé.

Nígbà tí a parí afárá Carter, tí ọkọ̀ ojú irin sì ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹsẹ̀ èrò kò dúró mọ́. Nínú ìkànìyàn 1931, àwọn ará ìlú Èkó lé ní 126,000. Ní 1950 wọ́n ti lé ní 230,000. Nígbà tí ó fi máa di 1963, wọ́n ti lé ní 665,000, láì ka àwọn tí ó ń gbé ní ẹ̀yìn ààlà ìlú. Kí ọmọ tí a bí ní 1931 tó pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ìlú rẹ̀ ti di ìlọ́po márùn-ún.

Ilé tí ó wà kò tó gbogbo èrò yìí. Ní àárín erékùṣù náà, ilé fún mọ́ ilé. Ọ̀nà tí ó wà láàárín agbo ilé méjì lè má gbà ju ènìyàn kan lọ. Níbi tí ènìyàn bá fún pọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìdọ̀tí kò sì rí ibi gbà jáde, àrùn kì í jìnnà. Ní 1924 àjàkálẹ̀ àrùn kan tí kòkòrò ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún mélòó kan ni ó fi ń pa ènìyàn kí ó tó rọlẹ̀. Ìbẹ̀rù àrùn yìí ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti máa tún ìlú ṣe. Àwọn ènìyàn mọ ìgbìmọ̀ náà sí L.E.D.B. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú àwọn àdúgbò tí ó há gádígádí ká, kí ó sì la ilẹ̀ tuntun fún àwọn tí a bá ṣí nípò. Yábàá wà lára àwọn ibi tí ó kọ́kọ́ là sí òpópónà fún ilé gbígbé. Nígbà tí ó ṣe, Yábàá di ojúkò ẹ̀kọ́: ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, a sì dá Yaba College of Technology sílẹ̀ ní 1947.

Ilé tuntun ní Sùúrùlérè

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èrò tí ń wọ Èkó tún di ìlọ́po. Iṣẹ́ wà ní èbúté Àpápá, ní rélùwéè, ní ọ́fíìsì ìjọba àti ní ilé ìtajà àwọn òyìnbó. Nígbà tí a ya Èkó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ìjọba àpapọ̀ ní 1954, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí ro bí ojú ìlú náà yóò ti rí lójú àlejò, pàápàá bí òmìnira ti ń bọ̀ lọ́nà. Ojú tì wọ́n pé àárín olú-ìlú orílẹ̀-èdè ńlá rí wúruwùru.

Ní 1955 L.E.D.B. dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá kan. Ó fẹ́ gba bí éékà 70 ní àárín erékùṣù, ní ìhà Ìdúmọ̀tà, kí ó wó ilé tí ó wà lórí rẹ̀, kí ó la ọ̀nà gbòòrò, kí ó sì tún ilẹ̀ náà pín fún ilé tuntun. A sọ fún àwọn onílé pé wọn yóò lè ra ilẹ̀ wọn padà bí àtúnṣe bá parí. Ṣùgbọ́n iye tí a dá lé ilẹ̀ náà yóò ju owó gbà-máà-bínú tí wọ́n gbà lọ. Ní ti àwọn tí ó ń gbé inú ilé tí a fẹ́ wó, a kọ́ ilé mìíràn dè wọ́n sí Sùúrùlérè, ní òkè odò, ní ẹ̀yìn Yábàá.

A kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín ilé wọ̀nyí. A tò wọ́n ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ wà, gọ́tà wà, omi ẹ̀rọ wà. Ìdílé tí ó ti ń bá ogún ènìyàn du ilé ìdáná kan ṣoṣo wá ní ilé ìdáná tirẹ̀. Ọmọdé rí ibi tí yóò ti sáré. Bí a bá fi ojú awọnlẹ̀ wò ó, tàbí ojú oníṣègùn, ohun rere ni a ṣe. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá dàbí àdúrà: sùúrù ní èrè.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìdúmọ̀tà kò gba ọ̀ràn náà ní ìrọ̀rùn. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú, àwọn kan gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ ju bí a ti ṣèrò lọ. Àwọn tí kò mọ̀dí ọ̀ràn sọ pé ojú wọn kò là ni. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ohun tí a kò kà mọ́ ilé

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń gbé ní agbo ilé ọkọ rẹ̀ ní àárín Èkó. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní. Òrùlé ń jò. Ṣùgbọ́n iwájú ilé ni ó ń pàtẹ aṣọ sí, ojú ọ̀nà ọjà sì ni iwájú ilé náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń bá a mójú tó àbíkẹ́yìn rẹ̀. Bí ọjà kò bá tà, aládùúgbò tí ó mọ̀ ọ́n láti ogún ọdún yóò dá aṣọ fún un láwìn. Bí àìsàn bá dé, kì í ṣe òun nìkan ni yóò sanwó oògùn.

Nísinsìnyí ó dé Sùúrùlérè. Yàrá rẹ̀ di méjì, òrùlé kò jò mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra aṣọ ní iwájú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá? Bí ó bá fẹ́ padà sí ọjà rẹ̀, yóò san owó ọkọ̀ ní àlọ, yóò san án ní àbọ̀. Ta ni yóò mójú tó ọmọ? Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ mìíràn ní Ẹ̀bùtẹ́-Mẹ́ta. Owó ilé kò sì gbọ́ pé ọjà kò tà. Bí oṣù bá ti parí, a ó bèèrè rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. A mú òrùlé tí ó ń jò kúrò nínú ìṣẹ́ ìyá yìí, ṣùgbọ́n a fi ebi kún un.

Èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wá sí Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó bá àwọn tí ó ṣì wà ní àárín erékùṣù sọ̀rọ̀, ó sì bá àwọn tí a ti kó lọ sí Sùúrùlérè sọ̀rọ̀. Ní 1961 ó tẹ ohun tí ó rí jáde nínú ìwé. Ó rí i pé àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù jàǹfààní ilé tuntun, nítorí owó wọn kò yí padà bí ibùgbé wọn ti yí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó tí ń wọlé fún wọn sì dín kù ní àkókò kan náà tí ìnáwó wọn ń pọ̀ sí i. Àwọn ẹbí tí í máa ń fojú kan ara wọn lójoojúmọ́ wá di ẹni tí ń ṣe àbẹ̀wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrànlọ́wọ́ tí mọ̀lẹ́bí ń ṣe fún ara wọn sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1957, Michael Young àti Peter Willmott tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn òtòṣì ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí a kó kúrò ní àdúgbò Bethnal Green lọ sí ilé tuntun ní ẹ̀yìn ìlú. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ilé dára sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tí í máa ń rí ìyá wọn lójoojúmọ́ wá di ẹni àdádó láàárín àjèjì. Òyìnbó àti ènìyàn dúdú, ọ̀kan náà ni ọ̀ràn yìí ṣe rí lára wọn. Yorùbá ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwọn olùṣètò fá orí náà dáadáa, wọ́n sì fá a mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fá a lẹ́yìn olórí.

Múṣin, ibi tí ètò kò dé

Ẹ jẹ́ kí a ti Ojúẹlẹ́gbà gba ojú ọ̀nà Agége lọ síwájú díẹ̀. Bí a bá ti kọjá Ìdí-Òro, a ti bọ́ sí Múṣin. Àwọn kan nínú àwọn àgbà ní èso igi iṣin tí àwọn èrò ń mú jẹ níbẹ̀ ni ó bí orúkọ náà. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, oko àti abúlé ni ó sì jẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ní àkókò tí L.E.D.B. ń kọ́ ilé sí Sùúrùlérè, ààlà ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ kò kọjá Ìdí-Òro lọ títí. Múṣin wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ mélòó kan ni ènìyàn yóò gbé kí ó tó ti abẹ́ ìjọba kan bọ́ sí abẹ́ èkejì. Agbára L.E.D.B. kò dé ọ̀hún. Ìbàdàn sì jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni Múṣin di ibi tí àwọn tí kò rí yàrá ní Èkó ń sá lọ. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìgbò àti àwọn mìíràn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì kọ́lé bí agbára olúkúlùkù ti mọ. Yàrá kọjú sí yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ìdílé kan sí yàrá kan. Owó ilé kò wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ìwé lọ́wọ́ onílé.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìlú yìí ní ohun tí Sùúrùlérè kò ní. Ìyá tí ó ń tajà rí ojú ọ̀nà pàtẹ sí. Alágbẹ̀dẹ àti aránṣọ ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé tí wọ́n ń gbé. Ọjà Ojúwòyè kún fún èrò. Nígbà tí ó sì ṣe, Ládípọ̀ di ibi tí a ti ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn onílé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó láti dí kòtò ojú ọ̀nà, wọ́n sì ń parí ìjà láàárín ayálégbé. Sandra Barnes, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ó ṣe ìwádìí ní Múṣin, tẹ ìwé jáde ní 1986. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi hàn bí àwọn tí ó kọ́lé síbẹ̀ ṣe di olórí àdúgbò, tí wọ́n sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ènìyàn wọn. Ìlú tí ìjọba kò tò, àwọn ará ibẹ̀ gbìyànjú láti tò ó.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹgbẹ́ onílé kò lè ṣe. Olúkúlùkù lè kọ́ ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè dá gbẹ́ ojú àgbàrá tí yóò gba iwájú igba ilé kọjá. Bí onílé kan bá gbẹ́ gọ́tà tirẹ̀ tí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kò gbẹ́, omi yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹni ìsàlẹ̀. Olúkúlùkù fẹ́ kí ọ̀nà gba iwájú ilé òun. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ó gba àárín ilé òun. Nítorí náà, nígbà tí ilé kún Múṣin tán, ọ̀nà kò tó, gọ́tà kò tó, omi ẹ̀rọ kò dé ibi púpọ̀. Àtúnṣe tí ì bá ná ìjọba ní owó kékeré nígbà tí ilẹ̀ ṣófo wá di ohun tí a kò lè ṣe láì wó ilé onílé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ìbéèrè ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo kó díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rin ọ̀nà tí mo ti ń sọ yìí, láti Yábàá títí dé Múṣin. Nígbà tí a dé ibi kan tí àgbàrá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà di kòtò, àwọn ọmọ kan láti Sùúrùlérè bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ọmọ Múṣin kan wà láàárín wọn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé àwọn bàbá wa kò mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀nà wà ni?"

Mo dá a lóhùn pé wọ́n mọ̀. Mo ní, "Bàbá rẹ àgbà wá ibi tí yóò sùn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tí ó yẹ kí ó ro ti ogún ọdún iwájú kì í ṣe òun, ìjọba ni. Ìjọba méjì ni ó sì wà níbí nígbà náà, ọ̀kan ní ìhín, ọ̀kan ní ọ̀hún, kò sì sí èyí tí ó ka bàbá rẹ àgbà sí ti òun." Mo wá yíjú sí àwọn tí ó rẹ́rìn-ín, mo sì sọ fún wọn pé bóyá ìyá àgbà tiwọn náà sunkún nígbà tí a gbé e kúrò ní Ìdúmọ̀tà. Kò sí ẹni tí ó tún rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu láti kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tí ó tẹ̀lé e

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ààlà tí ó pín Sùúrùlérè àti Múṣin níyà di ìtàn. Ìjọba kan ṣoṣo ni ó ń darí àwọn méjèèjì. Ní 1972 a pa L.E.D.B. pọ̀ mọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ètò ìlú ti Ìkẹjà àti ti Ẹ̀pẹ́, a sì fi wọ́n ṣe àjọ kan tí a mọ̀ sí L.S.D.P.C. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun: àwọn òpópónà tí L.E.D.B. là ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Sùúrùlérè pàápàá yí padà. Àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kí ó wà bí a ti kọ́ ọ. Wọ́n fi yàrá kún ilé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, ọjà sì hù níbi tí kò sí nínú àwòrán àwọn olùṣètò. A kọ́ pápá ìṣeré ńlá ti orílẹ̀-èdè síbẹ̀, níbi tí a ti ṣe ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ní 1973. Ohun tí àwọn ìyá tí a kó wá ń wá ní 1955, èyíinì ni ibi tí èrò ń gbà kọjá, dé bá wọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Sùúrù náà lérè, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó ṣe sùúrù ni ó jẹ èrè rẹ̀.

Ọ̀ràn ọkọ̀ sì wà níbẹ̀. Bí a bá gbé ènìyàn jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí a pèsè ọkọ̀ tí kò wọ́n fún un. Nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 sí 1983, ó dáwọ́ lé ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n fagi lé ètò náà ní 1985. Ó di 2023 kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Nígbà tí ó sì di 2024, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti Agbado dé Ọyíngbò, ó sì ń dúró ní Múṣin àti Yábàá. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a fagi lé ètò àkọ́kọ́ ti lè jẹ́ bàbá ọlọ́mọ kí ó tó wọ ọkọ̀ náà.

Ìparí ọ̀rọ̀

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, ètò gbọ́dọ̀ ṣáájú ilé. Ìlú tí ènìyàn ń wọ́ lọ kò ní dúró de aláṣẹ. Bí a kò bá la ọ̀nà dè wọ́n, wọn yóò kọ́lé sí ojú ọ̀nà, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Èkejì, ilé nìkan kọ́ ni ìlú. Ìlú ni ilé, àti iṣẹ́, àti ọjà, àti ìyá àgbà tí ń bá ni mójú tó ọmọ. Ẹni tí ó bá ka òrùlé tí ó ń jò, tí kò ka ìyókù, kò tíì mọ iye ohun tí ó fẹ́ wó. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ọ̀ràn kàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Àwọn ará Ìdúmọ̀tà mọ ohun tí wọn yóò pàdánù kí òǹkọ̀wé kankan tó kà á jọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, èrò kò tíì dẹ́kun láti máa wọ Èkó. Ní ọjọ́ kan, díẹ̀ nínú yín yóò di awọnlẹ̀, díẹ̀ yóò di ayàwòrán ilé, díẹ̀ yóò jókòó sí ipò tí a ti ń buwọ́ lu ìwé wíwó ilé. Nígbà tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú yín, ẹ rántí Ojúẹlẹ́gbà ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ bèèrè ohun méjì: níbo ni àwọn wọ̀nyí yóò sùn? Báwo ni wọn yóò sì ṣe jẹun bí ilẹ̀ bá mọ́?

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Awọnlẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wọn ilẹ̀ kí a tó pín in tàbí kí a tó kọ́lé sí i.
Owó gbà-máà-bínú: owó tí a san fún ẹni tí a gba ohun ìní rẹ̀.
Ayálégbé: ẹni tí ń san owó láti gbé inú ilé ẹlòmíràn.
Fagi lé: láti pa ètò kan rẹ́ tàbí láti dá a dúró pátápátá.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí òǹkọ̀wé rí láàárín òpópónà Ẹ̀bùtẹ́-Mẹ́ta àti ti Ìsàlẹ̀ Èkó? Kí ni ó fà á?
2. Kí ni ó mú kí ìjọba dá L.E.D.B. sílẹ̀ ní 1928?
3. Sọ ohun méjì tí ìyá inú àpẹẹrẹ náà jèrè ní Sùúrùlérè, àti ohun mẹ́ta tí ó pàdánù.
4. Kí ni ìdí rẹ̀ tí òṣìṣẹ́ olówó oṣù fi jàǹfààní ilé tuntun ju oníṣòwò lọ?
5. Kí ni àwọn ẹgbẹ́ onílé lè ṣe ní Múṣin? Kí ni wọn kò lè ṣe, èé sì ti ṣe?
6. Ṣe àlàyé bí òwe yìí ṣe bá ẹ̀kọ́ náà mu: "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí."
7. Kọ àròkọ kan tí kò dín ní ojú ìwé méjì lórí àdúgbò tí ìwọ ń gbé: bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ rántí, àti ohun kan tí ó yẹ kí a tún ṣe níbẹ̀. Bi àwọn ará àdúgbò léèrè kí o tó kọ ọ́.